Ọjọ́ Tí Ìjì Ṣí Ilé Wa ní Ìlá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí mo ń wá ibi tó móoru gbé.

Jos la wà tẹ́lẹ̀, èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Tọ́pẹ́, láàárín àwọn ọdún 1990. Tíṣà ni mí. Làkúrègbé ń da orúnkún ìyàwó mi láàmú, tí ọyẹ́ bá sì ti dé, èmi ni mo máa ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní ká wá ibi tó móoru lọ.

Mo ro ó dáadáa. Èkó kẹ̀? Ọdọọdún ni omi ń wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Ìbàdàn ńkọ́? Ilé tá a rí níbẹ̀, etí odò ni. Mo ní Ìlá, ìlú bàbá mi, ló kù: ibẹ̀ móoru, kò sí òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mì. Mo ríṣẹ́ sí iléèwé kan, a gba ilé sí ẹ̀yìn ìlú. Kó tó pé ọdún kan, Ìyá Tọ́pẹ́ ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò rí i pé mo gbọ́n!

Igi obì mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ wó lù wá, ni mo bá bẹ onílé, ó sì ní kí n gé wọn. Àbúrò bàbá mi tó ń dáko ní Ọ̀rà wá kí wa, ó rí àwọn kùkùté náà, ó bi mí pé ta ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gé wọn.

Ó ní, "Apá ibẹ̀ yẹn ni ìjì máa ń gbà wọ̀lú. Àwọn igi yẹn ló ń dá a dúró."

Mo ní kó má ṣèyọnu. Èmi tí mo kàwé, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ kọ́ mi nípa ilé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo ń ti iléèwé bọ̀ lórí ọkàdà, ojú ọ̀run ṣú lójijì. Ká tó délé, ìjì ti dé. Mo sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa. Títì nìkan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí páànù ilé wa fi ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo orúlé sì wá gbéra tòun ti igi rẹ̀. Ìyàwó mi nìkan ló wà nínú ilé.

Mo fẹ́ sáré kọjá, páànù sì ń fò lójú títì bí abẹ. Ìyá Ṣadé dì mí mú, ó ní tí n bá kú, ta ló máa wá gbé e jáde? Mò ń pe ìyàwó mi, èmi gan-an ò gbọ́ ohùn ara mi. Ọkùnrin ogójì ọdún, mo kàn dúró, mò ń wò.

Nígbà tí mo ráyè wọlé, abẹ́ tábìlì ni mo ti bá a. Kò lè sáré, ńṣe ló wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀. Yìnyín tó bá òjò náà rọ̀ kún inú pálọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, òtútù ń mú mi."

Mi ò rí aṣọ gbígbẹ kan ṣoṣo fi bò ó. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi náà ń ro tótó. Kí ni mo lè ṣe? Mo dì mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́ta la fi gbé lọ́dọ̀ Ìyá Ṣadé. Ìyàwó mi yè, ọpẹ́ ni, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Mo ní ká tún wá ìlú mìíràn lọ, ó mi orí.

Ó ní, "Ìlú wo ni òjò kì í ti í rọ̀? Ẹ ṣáà máa wà lọ́dọ̀ mi tójò bá ti ṣú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí omi ń gbà àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Kẹ́ ẹ sì gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, mò ń kà á.