Ohùn Tí Mo Fi Súwíìṣì Pa

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, ẹni tó fún mi ní etí méjì àti ọ̀fun kan, tó mú mi kúrò lórí ẹní ilé-kéwú dé ìlú Jẹ́dà, tó sì fi àyè sílẹ̀ fún mi láti tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà iná mànàmáná ni mí. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé kò jìnnà sí Al-Balad, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà. Bàbá òyìnbó kan ń gbé lókè orí wa gan-an lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ dókítà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, Mùsùlùmí sì ni. Fún ọdún méjì, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju sálámà orí àtẹ̀gùn lọ.

Nígbà tó yá, ìró kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti òkè. Tí mo bá gbé ọwọ́ lé ògiri, mo ń gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé iná ń jò níbì kan.

Ó ní, “Àlàájì, gbogbo ohun tí ẹ bá ti gbọ́, wáyà ni. Tí mo bá hanrun lọ́jọ́ kan, ẹ máa yọ fíùsì mi nìyẹn.”

Oṣù méjì ni mo fi fara dà á. Ní Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn ìrun àlàásárì, ìró náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gun òkè, mo kanlẹ̀kùn títí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọkàn mi sọ fún mi pé bàbá arúgbó ti sùn sínú ilé tó fẹ́ gbiná. Mo sáré lọ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá mítà lọ́wọ́ hárísì tó ń ṣọ́ ilé, mo sì pa súwíìṣì ilé bàbá náà. Ìró náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣe àlùhámúdú.

Bí mo ṣe ń gòkè padà, mo bá bàbá náà lórí àtẹ̀gùn láìwọ bàtà. Ó di irin mú.

“Ta ló pa iná?” Ohùn rẹ̀ ń họ bí bébà tí wọ́n ń fà ya.

“Èmi ni, Bàbá. Iná yín ń jò.”

“Iná mi ò jò, muhandis.” Bí gbogbo ilé ṣe ń pe èmi ẹnjiníà nìyẹn. “Orin ni mò ń kọ. Ó ku èémí kan.”

Mi ò lóye rẹ̀ àfìgbà tó mú mi wọlé. Àpótí kékeré kan wà lórí ẹní, tó ń lo iná. Ó ní àpótí náà ló ń kùn: ó ń dún bí okùn mẹ́rin tí ọwọ́ ń ta lọ́kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró, orí ìró yẹn sì ni àwọn olórin Íńdíà máa ń gbé orin wọn lé. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé akọrin ni bàbá yìí, pé wọ́n mọ̀ ọ́n káàkiri ayé nígbà èwe rẹ̀. Á mú ìró mẹ́rin tàbí márùn-ún, á máa tún un ṣe, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ débi pé èèyàn ò ní mọ ìgbà tó yí. Nígbà tó dàgbà, ó pa òkìkí tì, ó lọ ń jókòó lẹ́yìn olùkọ́ orin kan ní Íńdíà.

Àìsàn jẹjẹrẹ wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ, ohùn rẹ̀ á sì lọ pátápátá. Oṣù méjì tí mo fi ń ṣàròyé, ó ń gbìyànjú láti kọ orin kan parí láìwúkọ́. Ọjọ́ yẹn ló ṣeé ṣe. Orin náà ti ibi ìró kan jáde, ó ti rìn jìnnà, ó ti ń bọ̀ wálé sórí ìró yẹn kan náà. Kò tíì wọlé tí mo fi pa á.

Mo jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n jókòó. Nígbà tó yá, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá mítà. Mo tan iná padà fún un, mo ní kó tún un kọ. Ó ya ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ló tú sórí áńkáṣífù.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. “Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Kì í ṣe ẹ-má-bínú orí àtẹ̀gùn o.”

Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́, kí n gbé òun lọ sí Mẹ́kà lọ ṣe úmúrà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a gbéra. Lójú ọ̀nà ni mo bi í bí Mùsùlùmí ṣe máa gbé orin àwọn abọ̀rìṣà Íńdíà sọ́rùn.

“Mùsùlùmí ni olùkọ́ mi,” ló wí. “Àti baba rẹ̀, àti baba baba rẹ̀. Á ṣe àlùwàlá kó tó la ẹnu.”

Díẹ̀ ló kù kí n gbá ọkọ̀ tó wà níwájú. Ó ní olùkọ́ náà ò lo ìwé. Á sọ díẹ̀, wọ́n á wí tẹ̀ lé e, oṣù á lọ lórí díẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó. Tí èémí olùkọ́ bá tán, ẹni ẹ̀yìn á gba ìró náà kó má baà já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àfáà wa nílé-kéwú ṣe máa ń ka ààbọ̀ áyà Kùránì kan tí á dákẹ́, tí á máa wojú wa láti mọ ẹni tó máa bá a parí ẹ̀. Ẹni tó bá yadi, pàṣán ni.

Mo fi àga onítáyà tì í yí Káábà ká, mo tì í láti òkè Sáfà dé òkè Máríwà. Nígbà tí a parí, a lọ fá orí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní àdúgbò At-Tandabawi. Ibẹ̀ ni bàbá ti sọ ọ́.

“Ọdún méjì ni mo fi ń gbọ́ kéwú rẹ láràárọ̀ lẹ́yìn àsùbáà. Ìró tí ohùn rẹ máa ń bà lé níparí, ìró yẹn ni mo ní kí àpótí mi máa dún. Ibẹ̀ ni orin náà ti jáde.”

Mo yí orí bìrí. Onígbàjámọ̀ pariwo lédè Lárúbáwá pé irun lòun ń fá, òun ò fẹ́ gé orí.

“Ẹ fi kéwú mi kọrin?” Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí níbi tí mo jókòó sí.

“Mi ò mú ọ̀rọ̀ kankan. Ibi tí ohùn ń sinmi sí nìkan ni mo mú. Bá mi parí ẹ̀, muhandis.”

Mo wa ọkọ̀ títí a fi rí iná Jẹ́dà. Mo ń rò ó pé èémí kan ni, kò lọ́rọ̀, kò níjó. Mo tún ń rò ó pé ọwọ́ tèmi ló gé e. Nígbà tí mo dúró síwájú ilé, mo ní, “Bàbá, lọ́la lẹ́yìn ìrun àìlà.”

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣe àlùwàlá, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àpótí ń kùn. Ó jẹ́ kí n gbọ́ orin tirẹ̀ títí dé ibi tí mo ti pa iná, ó sì gbé ìka sókè. Mo ya ẹnu. Mo di ìró náà mú títí àyà mi fi ṣófo. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa àpótí náà.

Iṣẹ́ abẹ yọrí, àmọ́ kò sí ohùn mọ́. Ní báyìí, tí mo bá kéwú tán láràárọ̀, mo máa ń gbọ́ tí bàbá ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí àjà wa. Ìyàwó mi á ní, “Bàbá ti kí yín,” á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ díẹ̀ nígbà yẹn.

Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ gé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Tí o bá sì ti gé e, kí ó fún ọ ní èémí tí wàá fi bá a parí ẹ̀. Àmín.