Wákàtí Kan Lórí Pèpéle

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sóhun tó lè pamọ́ fún mi lára èèyàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Randburg ni. Ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Gogo, bí àwọn Zulu ṣe ń pe ìyá àgbà, ló máa ń dúró lórí pèpéle kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò ó yà. Èmi á máa rìn kiri, èédú tí a fi ń yàwòrán lọ́wọ́, màá máa pariwo pé, "Ẹ má ya ohun tí ẹ rò! Ẹ ya ohun tí ẹ rí!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí Gogo na ọwọ́ sókè. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira. A ò tíì parí."

Ó wò mí. "Tíṣà, apá yìí ti ń gbọ̀n látàárọ̀. Ìwọ tó ní kí wọ́n wò, o ò rí i?"

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú tì mí, àmọ́ mi ò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Mo ní ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́ náà ni. Nígbà tí kò wá lọ́sẹ̀ kejì, mo bọ́ bàtà, mo gun pèpéle fúnra mi, mo nawọ́ sókè bíi tirẹ̀ gan-an. Mo pinnu pé wákàtí kan gbọ́dọ̀ pé kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, kí gbogbo wọn lè rí i pé kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí èjìká fi ń ta mí bí iná. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dáwọ́ dúró.

"Eish, sà, orúnkún yín ń gbọ̀n. Ṣé kí n yà á bẹ́ẹ̀?"

Mo payín keke. "Yà á bẹ́ẹ̀."

Wákàtí náà pé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wo àwòrán ọmọ náà. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ara tó ti rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo àwòrán Gogo tí mo ti ń yìn, kò sí ọ̀kan tó ní irú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Hillbrow, níbi tí Gogo ń gbé. Lífíìtì ilé wọn ò ṣiṣẹ́, mo fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹsàn-án, àwòrán náà lábẹ́ abíyá mi. Gogo wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn ẹ́, àbí?"

"Ó dùn mí, Màmá. Ẹ má bínú."

"Shap, kò burú. Màá padà wá. Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa sọ ìgbà tí a máa sinmi."

Mo gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí tó fi padà sí abúlé rẹ̀.

Títí dòní, ní kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, èmi ni mo kọ́kọ́ ń gun pèpéle. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń kùn pé àwọn ò torí àtidúró wá. Ìyàwó mi náà ní kí n fi sílẹ̀, pé irun mi ti funfun. Mi ò tíì fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá ti dúró tán nìkan ni mo máa ń lẹ́nu láti sọ fún ẹlòmíì pé kó dúró.