Ẹ̀jẹ̀ Lára Aṣọ Àdúrà

Ohun kan wà tí bàbá mi fi kọ́ mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní bí abẹ́rẹ́ bá gún télọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ oníbàárà, kó má wulẹ̀ sáré lọ síbi ọṣẹ. Itọ́ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ló ń yọ ọ́. Kó fi òwú funfun sẹ́nu, kó jẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, kó fi máa nu ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní itọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe é. Mi ò mọ ohun tí àwọn dókítà máa sọ sí i, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù wa, òfin ni.

Ọjọ́bọ̀ kan ni òfin yìí ká mi mọ́. Bàbá mi ti lọ kírun ọ̀sán ní mọ́sáláṣí tó wà níkòríta, mo sì fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ àdúrà kan tó rán parí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ojú mẹ́ta ló kán sí. Méjì kéré, ẹ̀kẹta tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Aago méjì ti kọjá, aago mẹ́rin sì ni oníaṣọ máa wá gbé e.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń rán aṣọ funfun fún àwọn Aládùúrà tó yí wa ká ní Ayọ̀bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ibi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ ni òun ń wò, òun ò wo ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ. Màmá tó ni aṣọ ọjọ́ náà ń gbé ní àdúgbò kejì sí wa. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fòróró yàn án ní ìjọ rẹ̀, oyè tó ti ń retí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Ní ìjọ tiwọn, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi mímọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Gbogbo àwọn tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ bàbá mi, láti ìjọ yẹn ni wọ́n ti ń wá, màmá yìí ló sì ń júwe wa fún wọn. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀ yìí, bàbá mi máa pàdánù iṣẹ́ tó kù ú kù láyé.

Mo ní kí n sọ òótọ́: kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lọ́nà Ẹgbẹ́dá, mo sì sọ fún un pé wọ́n fún mi ní ìsinmi. Irọ́ ni. Wọ́n ti dá mi dúró. Mo rò pé bí mo bá sọ fún un, ọkàn rẹ̀ á gbọgbẹ́, nítorí owó télọ̀ ló fi rán mi nílé ìwé, ó sì máa ń fi mí yangàn níwájú àwọn oníbàárà bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà, mo ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, mò ń ṣe bí ẹni tó ń sinmi.

Ẹni tó bá jókòó ti ènìyàn fún oṣù mẹ́ta á rí nǹkan. Bàbá mi ò ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́. Á ní, "Bá mi kì í, ọwọ́ mi ò mọ́." Á ní kí n ka ìwọ̀n inú ìwé fún òun, pé òun gbàgbé ìgò ojú òun sílé, bẹ́ẹ̀ ìgò náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi òwú so kókó mọ́ ara tépù tó fi ń wọn aṣọ, kókó kan ní ínṣì mẹ́wàá, méjì ní ogún, mẹ́ta ní ọgbọ̀n, ó sì ń fi ìka kà wọ́n. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ tó rán apá òsì méjì sára bùbá ọkùnrin kan, mo pariwo mọ́ ọn níwájú ẹni tó ni aṣọ, nítorí inú mi kì í pẹ́ bí. Ó kàn ní, "Kò sí iná ni jàre." Ilẹ̀ mọ́ kedere nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo ń wá bọ́tìnnì nínú agolo rẹ̀, tí mo rí ìgò oògùn ojú kékeré kan tó fi àkísà wé. Mo wé e padà bí mo ṣe bá a. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà làwa méjèèjì ti ń ṣeré fún ara wa. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń ríran, èmi ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mò ń tọ́ ìṣẹ́tí tó bá wọ́ sí bó bá ti lọ kírun. Bí a ṣe ń ti iṣẹ́ náà síwájú nìyẹn, ó sì ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé.

Mo gbìyànjú, bí ẹ̀jẹ̀ náà kò tilẹ̀ ṣe tèmi. Mo jẹ òwú funfun títí ẹnu mi fi le, mo fi nu èyí tó kéré jù, ẹ̀jẹ̀ náà sì fẹ̀, ó di pupa rúsúrúsú. Bí mo bá bu omi sí i, gbogbo ìsàlẹ̀ aṣọ ló máa bàjẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òwú lẹ́nu, mo ń bú ara mi, mo ń bú ilé ẹ̀kọ́ náà, mo tún ń bú abẹ́rẹ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi lórí pákó gọ́tà. Ìṣísẹ̀ méje ló máa ń gbé láti orí pákó náà dé ẹnu ọ̀nà, mi ò sì mọ̀ títí di oṣù yẹn pé ńṣe ló ń kà wọ́n. Ó wọlé, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí maṣíìnì rẹ̀.

"Ṣé o ti lọ aṣọ màmá?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló dé?"

Mo wo aago. Ó ku bíi wákàtí kan àbọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, eré wa ti parí nìyẹn.

"Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀."

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá, kò yí i sí ibi tí aṣọ wà. "Níbo?"

Mo gbé ìṣẹ́tí náà lé e lọ́wọ́, mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé ojú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Mo gbé e lé èkejì. Mo gbé e lé ẹ̀kẹta. Ó fi àtàǹpàkò tó wú tẹ aṣọ náà, ó ní abẹ́rẹ́ gba èékánná òun kọjá láàárọ̀, òun sì rò pé òun ti tètè fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"O ti mọ̀ nípa ojú mi tẹ́lẹ̀," ló wí. Kò bi mí léèrè, ńṣe ló sọ ọ́.

"Mo mọ̀."

"Fún mi ní òwú."

Mo já òwú fún un. Ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, kò sí itọ́ níbẹ̀. Ààwẹ̀ ló gbà. Láti bíi oṣù mẹ́ta ló ti ń gba ààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo ní kí n bu omi wá. Ó mi orí. Ó di ojú, ó ń jẹ òwú náà lọ, iṣan ọrùn rẹ̀ ń le, mo sì dúró tì í, mò ń ka ìṣẹ́jú. Ó pẹ́ gan-an kí òwú náà tó tutù. Èmi ni mo ń tọ́ ọwọ́ rẹ̀, òun ló ń nù ún. Ẹ̀jẹ̀ kékeré méjì lọ, títí kan èyí tí mo ti bà jẹ́. Èyí tó tóbi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wákàtí náà, ṣùgbọ́n ó lọ. Mo gbé aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀, mi ò rí nǹkan kan.

Màmá dé kí n tó ti áyọ́ọ̀nù bọ iná. Ó kí bàbá mi, ó kí mi, ó bi mí bí ìsinmi ṣe ń lọ. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó wo ọrùn, ó wo apá, ó fi ọwọ́ tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó tutù níbí."

"Omi ni, Mà," ni mo yára wí. "Mo fẹ́ lọ̀ ọ́ ni, kò tíì gbẹ."

"Ó dáa," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ti ká a tán. Ó ti ń ṣí báàgì rẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe omi," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló kán sí i, a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Ojú mi ò ríran mọ́."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ ya. Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó ti bọ́, ó tún lọ fà á wá.

Màmá jókòó. "Ojú méjèèjì?"

"Ọ̀kan ti lọ. Èkejì ń rí òjìji."

"Ẹ ò bá ti dákẹ́. Mi ò bá má mọ̀."

"Ẹ̀yin ò ní mọ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ bá ńkọ́?"

Màmá tú aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Ó ní òun ò lè wọ̀ ọ́. Bàbá mi ní òun mọ̀, pé sátíìnì funfun wà nílẹ̀, òun á fi rọ́pò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

"Ta ló máa gé e?" ni Màmá bi í.

Bàbá mi na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láti kékeré mi, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi.

"Olùkọ́ mà ni," ni Màmá wí.

"Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Màmá wò mí títí. "Kó gé e níṣojú mi."

A tẹ́ sátíìnì náà. Bàbá mi ń fi ìka ka kókó ara tépù, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá tẹ̀. Nígbà tó kù kí n gé e, ọwọ́ mi ò gbà. Aṣọ tí a bá ti gé kì í padà. Bàbá mi tẹ̀ mọ́ mi létí.

"Ìsinmi rẹ yìí, ìgbà wo ló ń parí?"

"Kò sí ìsinmi, Bàbá. Wọ́n ti dá mi dúró."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ tí ìkòkò ń ró nínú àpò rẹ lọ́jọ́ tí o dé. Ẹni tó ń bọ̀ wá sinmi kì í gbé ìkòkò dání."

"Ààwẹ̀ tí ẹ ń gbà yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe nítorí ojú yín ni?"

"Ojú ti ṣe tiẹ̀," ló wí. "Iṣẹ́ rẹ ni mo fi ń tọrọ. Gé e."

Ìyá mi tó ti kú máa ń ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sunkún níwájú Màmá lọ́jọ́ náà, omi ojú mi ń kán sílẹ̀, mo ń yẹ orí kó má bàa kán sára aṣọ, mo sì ń rí ojú ìlà ṣọ́ọ̀kì náà títí mo fi gé e dópin.