Àtọ́kẹ́ Fòfin De Ẹ̀yìn Gbogbo Ilé

Bí ẹ bá bèèrè Àtọ́kẹ́ ọlọ́ṣẹ ní Bẹ́yẹrúnkà láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Ọjà'ba, ṣùgbọ́n ìjàngbọ̀n gan-an ni iṣẹ́ tó yàn láàyò. Ó ti ta ọṣẹ kan náà fún ìyálé àti ìyàwó rí. Ó sọ fún ìyálé pé ó ń mú kí ọkọ fẹ́ràn ẹni, ó sọ fún ìyàwó pé ó ń mú kí ọkọ gbàgbé ìyálé. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sí òdìkejì ọ̀nà, tó ń wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Wọ́n kúkú mọ́ tónítóní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ Kúbúrá, ọmọ tí Gàfárù ọmọ rẹ̀ bí. Nígbà tí Kúbúrá wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ibà gbé e dè fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibà lọ, ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ni, ó sì mú agbára ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn àwọn obìnrin ilé ti di ilé rẹ̀. Bó bá kúrò lẹ́yìn Sìdí ìyá rẹ̀, á bọ́ sẹ́yìn Ọ̀ṣunlọlá tó ń gbé yàrá kejì. Bí Ọ̀ṣunlọlá bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é. Ó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìkà.

Lọ́dún 1959, Àtọ́kẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ Èkó kan tó ń jẹ́ Louisa wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìrìn. Ó dojú Kúbúrá bolẹ̀ lórí ẹní, ó rọra ń na orúnkún rẹ̀.

"Ìyá, ẹsẹ̀ yìí ṣì lágbára díẹ̀," ló wí. "Ìpọ̀n tí ẹ ń pọ̀n ọ́n ni kò jẹ́ kó nà. Orúnkún ti ń ká. Tó bá fi lè gan síbẹ̀, ọmọ yìí ò ní dìde mọ́ láyé. Ẹ máa nà án báyìí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa di nǹkan mú, kó máa dìde. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n mọ́ o. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Àtọ́kẹ́ délé, ó bẹ gbogbo ilé. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀yìn méjì ni Kúbúrá ti gùn. Ó pariwo lé wọn lórí, wọ́n ní kó má ṣìkà. Ìgbà náà ló ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ó po òrí mọ́ káfúrà kó lè máa rùn bí ọsibítù, ó fi pa ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó sì pe àwọn obìnrin ilé jọ.

"Oògùn tí wọ́n fún wa rèé. Ó dáa fún ẹsẹ̀, àmọ́ kì í fẹ́ ìdí. Ẹni tó bá pọ̀n ọmọ yìí, tí òógùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan oògùn, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di pẹlẹbẹ. Ṣé ẹ ò rí ìdí àwọn obìnrin òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni?"

Ọ̀ṣunlọlá, tó ti pọ̀n ọ́n láti àárọ̀, wọ yàrá lọ, ó pe Sìdí.

"Bá mi wò ó. Ṣé bó ṣe wà lánàá ló ṣì wà?"

Sìdí nìkan ni Àtọ́kẹ́ sọ òótọ́ fún. Ó wo ìdí obìnrin náà títí, ó mí kanlẹ̀. "Ó jọ pé ti apá òsì ti ń lọ."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn tán nílé. Kúbúrá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ọwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ pọ̀n mí." Wọ́n á fi ọwọ́ bo ìdí, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Ọmọ náà kò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ kejìlá, Àtọ́kẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìborùn bojú, ó sunkún gidi. Nígbà tó wọlé padà, ó ní ọṣẹ ló ta sí òun lójú.

Láràárọ̀, bó bá ti na orúnkún náà tán, á gbé Kúbúrá dúró ti àpótí, á kó ẹ̀pà mẹ́fà sí ìpẹ̀kun kejì àpótí, òun fúnra rẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́.

"Mo ti jẹ méjì o. Ó ku mẹ́rin. Ẹ̀pà yìí mà dùn o, Kúbúrá!"

Ọmọ á sunkún, á máa fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Lóṣù kejì, ó ti ń débẹ̀ bá ẹ̀pà méjì nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Àtọ́kẹ́ jẹ ẹ̀pà ìkẹyìn mọ́ ọn lójú, ó tún lá ẹnu. Inú bí Kúbúrá.

"Mo máa nà yín!"

Ó fi àpótí sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìdi nǹkan kan mú, ó gbá ìyá àgbà nítan pàá, ó sì ṣubú lé e. Àtọ́kẹ́ ò tíì jẹ ìyà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Nígbà tí wọ́n padà sí ọsibítù, Louisa fún ọmọ náà ní bàtà onírin kan àti ọ̀pá. Ó bèèrè bí wọ́n ṣe rí odidi ilé dá lẹ́kun ìpọ̀n. Àtọ́kẹ́ jẹ́wọ́. Louisa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó nu ojú.

"Ìyá, àwọn tó jókòó síta yẹn náà ń pọ̀n ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó máa lọ."

Mọ́tò já Àtọ́kẹ́ àti Kúbúrá sí ìsàlẹ̀ Mápó lọ́sàn-án gangan. Òkè náà ga níwájú wọn. Kúbúrá ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, òógùn bò ó lójú, irin ń ró. Àtọ́kẹ́ ò lè wò ó mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó yára bọ́ síwájú ọmọ náà, ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó yá, gùn mí. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Mi ò ní sọ fẹ́nì kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ kékeré méjì lọ́rùn rẹ̀. Ohùn ọmọ náà ló gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ dìde. Ẹ ń dí mi lọ́nà."

Àtọ́kẹ́ dìde, ó sì yà fún un.