Ìyálé Tí Kò Jẹ́ Kí N Di Ìyàwó

Háà, ikú, èyí tó o ṣe yìí dùn mí wọ egungun! Àjọkẹ́ mi, ó wá di gbére o, ẹ̀yin tí mo ń pè ní Màmá láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wá sí Ẹgbẹ́dá. Bàbá mi ti kú. Wọ́n ní ilé ìwé ni mò ń bọ̀ wá lọ l'Ékòó. Ìgbà tí wọ́n bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo tó mọ̀ pé ìyàwó ọkọ yín ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe. Mo bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ìyálé ilé jáde sí wa, ẹ wò mí títí, ẹ ní, "Kíláàsì wo lo wà?"

Mo ní, "JS Two, mà. Wọ́n ní ilé ìwé ni mo wá lọ."

Ẹ gbá mi lọ́wọ́ mú, ẹ yíjú sí ọkọ yín. "Baálé mi, ẹ má bínú. Ọmọdé lèyí. Ilé ìwé tí wọ́n ṣèlérí fún un ló máa lọ."

Àwọn ẹbí ọkọ ní owú ló ń jẹ yín. Ẹ ò bá wọn jiyàn. Nígbà tí ọkọ yín ní kí ẹ fi mí sílẹ̀ tàbí kí ẹ kó jáde, ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín, a forí lé yàrá kan ní Akowonjo. Sùtánà tí ẹ ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ ló rán mi nílé ìwé títí mo fi di nọ́ọ̀sì. Ẹ kò padà sílé ọkọ mọ́ láé.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ ó dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ni tíṣà sọ lónìí? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, jàre, má gé e kúrú."

Ọjọ́ tí a gbọ́ pé Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fi fọ́kọ lábúlé, kú sórí ìkúnlẹ̀, a jọ sunkún ni. Ọjọ́ náà lẹ tó sọ fún mi pé ìwé mẹ́rin péré lẹ kà kí wọ́n tó mú ẹ̀yin náà lọ sílé ọkọ. "Mo ké," lẹ wí. "Gbogbo ilé gbọ́. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

Màmá, ọwọ́ mi lẹ kú sí. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rán mi lọ kọ́, n kò rí i fi dá yín dúró.

Orogún ni wọ́n mú mi wá ṣe nílé yín. Ọmọ yín ló ń sìn yín lọ lónìí. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ sùn re o, Àjọkẹ́ mi, ẹ sùn re.

Bùkọ́lá