Ọkọ̀ Òṣùpá Tí Èmi àti Ràfátù Kàn

Láàárọ̀ àná, òórùn gọ́ọ̀mù ta sí mi nímú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara mi. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló jókòó sílẹ̀, tó ń lẹ ọkọ̀ òfuurufú oníke pọ̀. Mo ní, "Èyí náà lẹ ń pè níṣẹ́? Wọ́n ti ṣe é tán kí wọ́n tó dì í sínú páálí." Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìyá àgbà òun náà ti kan ọkọ̀ òṣùpá rí.

Ní Aramọ̀kọ ni, lọ́dún tí rédíò ń pariwo pé àwọn òyìnbó fẹ́ lọ tẹ òṣùpá. Èmi ti kúrò nílé ìwé nígbà náà láìtíì mọ̀wé kà, igbá epo ìyá mi ni mò ń kiri. Ràfátù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ bàbá olóbì ẹ̀yìnkùlé wa, ló ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti ní ìwé tó kà ti tó: tí táàmù bá ti parí, yóò lọ bá àbúrò òun ta obì ní Ẹ̀fọ̀n. Ràfátù sunkún títí, bàbá kò gbọ́.

Tíṣà wá ní kí ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan kan ọkọ̀ òṣùpá wá lọ́jọ́ ìparí táàmù, níṣojú àwọn òbí. Ràfátù dì mọ́ mi: "Bí bàbá mi bá rí i pé mo mọ nǹkan, bóyá á fi mí sílẹ̀."

Ẹ̀yìn àdògán ìyá mi la ti kàn án. Agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, ọ̀pá ọ̀gọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bébà fàdákà inú páálí sìgá la fi wé e títí ó fi ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. A po eérú mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, a dà á sórí àtẹ tí etí rẹ̀ ti ya, a wá ń fi àtàǹpàkò tẹ ihò sí i. Ìyẹn ni ilẹ̀ òṣùpá. Ìka wa lẹ̀ pọ̀, eérú kún irun wa. Ìyá mi ní a jọ iwin tí wọ́n lé kúrò nígbó.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo rí i pé ibẹ̀ dá páropáro jù. Láti kékeré ni ìyá mi ti sọ fún mi pé obìnrin kan ń gúnyán nínú òṣùpá. Mo bá gbẹ́ odó kékeré, mo fi amọ̀ mọ obìnrin, mo gbé wọn síwájú ọkọ̀, mo da aṣọ bò ó. N kò bi Ràfátù léèrè.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ń yọjú lójú fèrèsé nígbà tí Tíṣà ṣí aṣọ.

"Ràfátù, ta nìyí?"

Ràfátù fúnra rẹ̀ ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Ó jọ pé ó ń gúnyán, sà."

"Nínú òṣùpá? Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́?"

Ilé fi ẹ̀rín ya. Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ràfátù wo fèrèsé, ó rí ojú mi. Kò ṣòro fún un rárá láti fi mí sùn.

Ó ní, "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, sà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti rìn jìnnà. Ṣé ebi la ó fi kí wọn káàbọ̀?"

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. "Ọmọ mi ni! Àlejò á wọ ulé, ká má gún uyán?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò tètè dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tíṣà, ẹnu yìí ju ìsọ̀ obì lọ. Ẹ máa bá mi kọ́ ọ lọ." Bí ẹni pé ìsọ̀ obì kò fẹ́ ẹnu!

Mo fò sókè lóde. N kò mọ̀ pé ìwé náà ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Ràfátù di nọ́ọ̀sì lókè òkun lọ́hùn-ún, kò sì padà wá gbé Aramọ̀kọ mọ́ títí ó fi kú. Ó ń kọ lẹ́tà sí mi. Ọmọ aládùúgbò ló ń kà á fún mi, tó sì ń bá wa rẹ́rìn-ín sí àṣírí wa. Ìyẹn ló bí mi nínú tí mo fi jókòó láàárín àwọn àgbàlagbà kọ́ a-b-d.

Ọmọ ìsinsìnyí ń ra òṣùpá nínú páálí, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Kò burú. Ẹni tí yóò gbé àṣìṣe rẹ rù níṣojú ayé ni kò tíì pọ̀ lọ́jà.

Lẹ́tà Ràfátù tó kẹ́yìn, fúnra mi ni mo kà á. Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán kan.