Agbára Òdo ní Bẹẹrẹ

Wọ́n ti sọ fún mi nílé wa ní Àrẹ̀mọ pé obìnrin kì í ṣe ẹnjiníà. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí a ti ń múra ìdánwò GCE.

Tíṣà wa kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tó bá le. Nọ́ńbà kékeré tó máa ń jókòó sórí lẹ́tà, agbára ló ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́ wa ní e tí agbára rẹ̀ jẹ́ x, ìyẹn eˣ, ó ní ká wo bí àhesọ ṣe ń rìn láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba: bí àwọn tó ti gbọ́ ọ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń yára tàn. Ó ní tí a bá wá bí eˣ ṣe ń yára pọ̀ sí, eˣ náà la ó tún bá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo! Mi ò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, dòdò gan-an ò tó o.

Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ní ẹni tó bá kùnà lójú pátákó kò ní bá wọn ṣe ìdánwò ọdún yẹn. Èmi ló kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n wá bí e³ˣ ṣe ń yára pọ̀ sí níbi tí x ti jẹ́ òdo. Kíá, mo fa 3 tó wà nínú agbára rẹ̀ wá síwájú bó ṣe kọ́ wa, mo fi e³ˣ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo wá fi òdo sípò x, mo bá kọ ìdáhùn gàdàgbà: òdo. Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Báwo ló ṣe di òdo?" Tíṣà ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Agbára ẹ̀ ti tán, sà. Kò ku nǹkan kan mọ́."

Kò bínú. Ó nàka gba ojú fèrèsé.

"Bàbá arúgbó tó jókòó síwájú ilé yẹn, ṣé wọ́n ṣì lágbára?"

"Rárá, sà."

"Èèyàn mélòó ni wọ́n?"

Orí mi wú. "Ẹnì kan ni, sà! Ẹnì kan ṣì ni wọ́n!"

Mi ò wá dọ́sítà, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi nu òdo náà kúrò. e tí agbára rẹ̀ jẹ́ òdo, ẹyọ kan ló ṣì jẹ́; mẹ́ta lọ́nà ẹyọ kan, mẹ́ta! Tíṣà fa fọ́ọ̀mù ìdánwò yọ lábẹ́ ìwé rẹ̀, ó na bírò sí mi. Orí ìdúró ni mo ti buwọ́ lù ú, kó má baà yí ọkàn padà.